Àpò Ọmọ Ayò Tí Kì Í Ṣẹ́kù

Ọjọ́ tí iṣẹ́ dé bá mi pé ara ọmọ mi kò yá, mo wà ní Ìpakodò, ní etí ọ̀sà, níbi tí mo ti ń wọn epo pupa sínú àgbá fún àwọn oníṣòwò Ìkòròdú. Ọlọ́kọ̀ kan láti Ẹ̀pẹ́ ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ: "Ibà ni. Ìyàwó yín ní kí ẹ máa bọ̀." Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni ibà náà ti mú un. Kò mọ̀. Mo bi í bóyá ọmọ náà ń mu omi. Kò mọ̀. Mo bi í bóyá ó ń dá ènìyàn mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, inú ọkọ̀ ni mo wà, n ò wọ yàrá ọlọ́mọ," ló dá mi lóhùn. "Ẹ bá mi ká lọ, kí ẹ lọ fojú ara yín rí i."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa nígbà náà, obìnrin, tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún méje. Méjì ti lọ ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti bí i ni mo ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni tí ń ṣọ́ iná nínú atẹ́gùn. Bí ó bá sùn, mo máa ń ka èémí rẹ̀. Bí ó bá ń lọ sí kànga, mo mọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láàárín kànga àti ẹnu ọ̀nà wa: mẹ́tàdínlógójì. Ìyá rẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀, n ó kọ́kọ́ ka ẹ̀kán rẹ̀ kí n tó jẹ́ kí ọmọ jáde.

Ìyá rẹ̀ ni ó mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti kí bàbá rẹ̀ àgbà. Àwọn àna mi wà lára àwọn tí wọ́n bá ọba wọn kúrò ní Èkó ní ọdún tí ìbọn òyìnbó lé ọba náà jáde. Ìmàle ni wọ́n, apẹja àti oníṣòwò orí omi. Èmi dàgbà ní Sàró, mo sì kàwé níbẹ̀ dé ilé-ìwé gírámà kí n tó padà wá sí ilẹ̀ bàbá mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀, ìṣirò nìkan ni mo fẹ́ràn, nítorí pé òun nìkan ni ó máa ń pé bí mo bá tún un wò.

A gbéra ní ìdájí ọjọ́ kejì. Oṣù òjò ni. A sùn ní abúlé apẹja kan ní etí omi, nígbà tí ọjọ́ kejì ìrìn náà sì tó ìyálẹ̀ta, a gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá ọmọ mi lórí ẹní nínú yàrá tí ó kángun sí àgbàlá. Ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì mọ ìgbóná ara rẹ̀ lára kí n tó fọwọ́ kàn án.

"Bàbá," ó ní, "ẹ pẹ́ jù."

Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Ó mọ̀ mí, ó sì mọ̀ pé mo pẹ́.

Ìyàwó mi ń fún un ní àgbo ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi aṣọ tútù nù ún lára. Àwọn àna mi ń ṣe èyí tí ó jẹ́ tiwọn. Nínú ilé wọn, bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, wọn a máa ṣe wírìdì, àdúrà àtúnsọ, fún un lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Àpò awọ kan wà, tí ó kún fún ọmọ ayò, àwọn kóró líle eléérú tí a fi ń ta ayò. Wọn a da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n àna mi obìnrin, ìyá àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ni ó máa ń pín in fún àwọn tí ó bá wá lọ́jọ́ náà. Ó ń kó o ní márùn-ún márùn-ún bí àwọn obìnrin ti ń ka owó ẹyọ: márùn-ún síwájú ẹni èkíní, márùn-ún síwájú ẹni tí ó tẹ̀lé e, títí yóò fi yípo, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èyí tí ó kù kò bá tó yípo mọ́, yóò wá pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù yóò máa mú kóró kan, yóò sọ gbólóhùn náà pé kò sí ọba kan àfi Ọlọ́run, yóò sì ju kóró náà padà sínú àpò. Nígbà tí iwájú gbogbo ènìyàn bá mọ́, wírìdì tán.

Èmi kì í ṣe Ìmàle. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ, mo ń fi ojú kan wo ọmọ, mo ń fi ojú kejì wò wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í la ẹnu ka ènìyàn nínú ilé àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ti kà wọ́n kí n tó rántí: méje. Kóró náà kárí àwọn méje, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Mo rí i, n kò sì ronú sí i.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò méjì kún wọn. Wọ́n di mẹ́sàn-án. Ó tún kárí. Mo ní lọ́kàn mi pé ó bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́jọ ni wọ́n. Mo dẹ́kun fífi aṣọ nu ara ọmọ, mo gbé ojú sókè, mo sì wo ọwọ́ ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yípo, ó yípo, títí ẹní fi ṣófo láìku nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́wàá ni wọ́n, ejìká wọn ń kan ara wọn. Mo retí pé lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan kan yóò ṣẹ́kù. Ó yípo ní àádọ́ta ìgbà. Ogún kóró ni ó kù lórí ẹní. Ó fi ẹyọ kan kún ti olúkúlùkù, ó tún fi ẹyọ kan kún un, ẹní sì mọ́ tónítóní. Orí mi wú.

Méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n, kò sí ẹni tí ó dá iye wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ni ó ń wá, ẹni tí ẹja kò bá jẹ́ kí ó wá kì í wá. Síbẹ̀, àpò náà mọ iye wọn lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà tán, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àna mi, bàbá ìyàwó mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mélòó ni kóró inú àpò yìí?"

"Ó pé," ni bàbá dá mi lóhùn.

"Ó pé mélòó, Bàbá?"

Ìyá àgbà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. "Akọ̀wé Sàró! Ṣé o fẹ́ wọn àdúrà sínú àgbá ni? Wọn kì í kà á. A kì í ka àdúrà, a kì í sì í ka àwọn tó ń gbà á. Ó ń kárí. Ìyẹn ò ha tó ọ?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Ìyá," ni àbúrò ìyàwó mi sọ. Òun ni ó ń fi ọkọ̀ ná Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú fún wọn, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. "Bí ẹ bá fún wọn láyè, wọn á ka irùngbọ̀n Bàbá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì padà lọ jókòó ti ọmọ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ ara wọn. Mo tún ẹní rẹ̀ tẹ́, bí mo ti ń gbá ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí ọmọ ayò kan nínú erùpẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé inú àpò ni ó ti bọ́, pé bí kóró kan bá dín, àdúrà ọmọ mi ti dín kan. Mo lọ sí yàrá ìta níbi tí àpò náà gbé kọ́ sára èèkàn, mo tú ẹnu rẹ̀, mo sì sọ kóró náà sínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò rò pé ohun tí ó yẹ ní sísọ ni.

Lọ́jọ́ náà, ẹja ń wọ́ ní ọ̀sà, mẹ́fà péré ni ó wá. Ìyá àgbà pín in. Ó yípo ní ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, mo kà á. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kóró kan wà lórí ẹní tí kò ní ẹni tí ó ni ín.

Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tún un pín láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka ya márùn-ún kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹyọ kan tún ṣẹ́kù. Wọ́n ṣe wírìdì náà pẹ̀lú ohùn rírẹlẹ̀, wọ́n fi kóró tí ó ṣẹ́kù náà sínú àpò láìsọ gbólóhùn náà lé e lórí, wọ́n sì tú ká.

Ní ọjọ́ kẹfà, márùn-ún ni wọ́n. Ó yípo ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ó fi ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin kún ti olúkúlùkù, ẹyọ kan sì tún jókòó sórí ẹní bí àlejò tí kò rí ibi jókòó.

Ìyá àgbà ká ọwọ́ rẹ̀ sí àyà. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní Èkó, n ò rí èyí rí," ni ó sọ. "Àpò yìí kì í ṣẹ́kù. Ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí ilé yìí kò ní ìpín fún."

"Ta ni, Ìyá?" ni ìyàwó mi bèèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti mọ̀.

"Ọmọ ta ni ọmọ yìí? Ọmọ Ìkòròdú ni. Ilé bàbá rẹ̀ ni ìpín rẹ̀ wà. Ẹ gbé e padà síbẹ̀ kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Àna mi ní kí àbúrò ìyàwó mi di ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń jò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì gbé ọmọ náà lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ipò tí mo wà yé ẹni tí ń kà á. Ọjọ́ méjì lórí omi, nínú òjò, nínú ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí, pẹ̀lú ọmọ tí kò lè gbé orí sókè. Mo mọ̀ pé kò ní dé Ìkòròdú láàyè. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe la ẹnu sọ nínú ilé àna mi pé kí wọ́n má gbé ọmọ mi lọ sí ilé mi? Ẹni tí ó bá gbọ́ yóò ní bàbá kọ ọmọ. Ohun tí ó sì burú jù ni pé èmi gan-an kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyá àgbà ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ojú mi fi rí àpò náà tí ó ń kárí. Ọjọ́ méjì ni mo rí i tí ó kọ̀.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí àna mi lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ìyá àgbà sì lọ sí ọjà ẹja, mo gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún mi. Mo sọ àpò náà kalẹ̀, mo gbé e lọ sí àgbàlá, lábẹ́ ojú fèrèsé yàrá ọmọ, mo sì da kóró náà sórí aṣọ. Ìyàwó mi yọjú.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń kà á."

"Wọn kì í kà á."

"Mo mọ̀."

Ó dúró, ó ń wò mí bí mo ti ń kó o ní ẹyọ ẹyọ. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ sún. Báyìí kọ́ ni. Ilẹ̀ á ṣú bá yín." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ní márùn-ún márùn-ún, márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún mẹ́wàá di igba, ìka rẹ̀ ń yára ju ojú mi lọ. Nígbà tí ó parí, òkìtì igba méjìlá ni ó wà lórí aṣọ, pẹ̀lú ogún mẹ́fà, àti ẹyọ kan. Mo ní kí a tún un kà. A tún un kà. Bákan náà ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé mọ́kànlélógún.

Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ. Mo mú igi kan, mo kọ nọ́ńbà náà sórí iyanrìn. Mo fi méjì pín in, ó ku ọ̀kan. Mo fi mẹ́ta pín in, ó ku ọ̀kan. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà: ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Mo lọ sí méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mo dé orí mẹ́wàá, ọ̀kan náà ṣì ni. Bí ó ti wù kí ènìyàn pọ̀ tó lórí ẹní yẹn, láti méjì dé mẹ́wàá, ẹyọ kan yóò ṣẹ́kù, kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́ta.

Ìgbà náà ni ó wá yé mi pé ẹyọ kan náà ni mò ń rí ní gbogbo ìgbà. Bí a bá mú un kúrò, èyí tí ó kù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé ogún, yóò kárí gbogbo wọn. Mo tún un pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́fà, okòólénírinwó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méje, òjìdínnírinwó. Àwọn mẹ́sàn-án, ọ̀rìnlénígba. Mo wá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: márùn-ún lọ́nà méje, èyí tí ó jáde lọ́nà mẹ́jọ, èyí tí ó jáde lọ́nà mẹ́sàn-án, ó parí. Méjì àti mẹ́rin ti wà nínú mẹ́jọ, mẹ́ta ti wà nínú mẹ́sàn-án, mẹ́fà rí tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, mẹ́wàá rí tirẹ̀ nínú márùn-ún àti mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni kò sí níta. Mo wá èyí tí ó kéré jù ú lọ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí. Bí kóró kan bá sì dín nínú rẹ̀, gbogbo ọ̀nà tí a bá gbà pín in ni yóò dín ẹyọ kan.

N kò lè dá ọwọ́ dúró. Mo padà sí èyí tí ó lé ọ̀kan, mo ń wá ohun tí yóò pín in. Mọ́kànlá kọ̀, mẹ́tàlá kọ̀, mẹ́tàdínlógún kọ̀. Mo lọ títí dé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí mo dé mẹ́tàléláàádọ́ta, ìdáhùn ti kéré ju ohun tí mo fi ń pín in lọ, mo sì mọ̀ pé n kò ní rí i mọ́ láé. Nọ́ńbà méjì tí ó fi ara kan ara: ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá kàn án, èkejì kò ṣí fún ẹnikẹ́ni. Kóró kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, omijé sì bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí kóró tí mo gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Nígbà tí àna mi àti ẹ̀gbọ́n wọn padà dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò dìde. Mo ní mo ti tú àpò láìgba àṣẹ. Mo ní mo ti kà á. Mo ní mo ti fi ojú ka àwọn tí ó wá ṣàdúrà. Mo ní èmi ni mo fi kóró kan tí mo rí nínú yàrá ọmọ kún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, àti pé kóró náà ni ó ń ṣẹ́kù, kì í ṣe ọmọ mi.

"O kà á!" ni ìyá àgbà kígbe. "Ta ló rán ọ?"

"Ìbẹ̀rù ni, Ìyá."

"Ìbẹ̀rù ní kí o jalè nínú ilé àna rẹ! Báwo ni kóró ọ̀hún ṣe dé ibẹ̀? Ṣé igi ayò hù nínú yàrá ni?"

Àbúrò ìyàwó mi, tí ọ̀dà ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó yípadà tí ó sì wọlé. Ó gbé ọpọ́n ayò rẹ̀ jáde, ó sì ń ka ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wa. Ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. Nínú ihò kan, ọmọ mẹ́ta ni ó wà, pẹ̀lú èkùrọ́ kan.

"Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta," ni ó sọ. "Èkùrọ́ yìí ni mo fi dí ọ̀kan tó sọnù. Mo ń ta á pẹ̀lú ọmọ yín kí ibà rẹ̀ tó le, nínú yàrá yẹn náà. Abájọ! Láti ọjọ́ náà, n ò tíì jẹ ayò kan."

"Èkùrọ́ kọ́ ni kò jẹ́ kí o jẹ ayò," ni àna mi sọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wọn, ìgbà náà ni mo tó gbé orí sókè.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Èwo ni ọ̀kan ọ̀hún nínú gbogbo èyí?" ó bèèrè, ó ń tọ́ka sí òkìtì kóró. "Mú un jáde kí n rí i."

"Èyíkéyìí, Ìyá."

"Èyíkéyìí bí ti báwo? Àjèjì kan ló wọlé, o ní kí n lé ẹnikẹ́ni tó bá wù mí jáde?"

"Kò sí àjèjì nínú wọn, Ìyá. Iye ni ó lé. Ẹ mú èyí tí ó bá wù yín."

Ó wò mí pẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó di ojú, ó mú kóró kan, ó sì jù ú sínú ọpọ́n ayò. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó sì ní kí gbogbo àwa tí a wà nílé jókòó yí òun ká. Ó pín in. Ó kárí. Ó ké sí àwọn aládùúgbò méjì láti ojú fèrèsé, ó tún un pín. Ó kárí. Ó ní kí ẹnì kan dìde kúrò, ó tún un pín. Nígbà tí ó kárí lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní tí ó mọ́. Bí ojú rẹ̀ ti rí, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tèmi ti rí ní àgbàlá ní òwúrọ̀ yẹn.

"Ta ni ó kó o jọ, Bàbá?" ni mo bèèrè.

Àna mi ní bàbá bàbá àwọn ni, ààfáà kan tí ó ti ilẹ̀ òkè wá sí Èkó. Kò fi gègé kọ iye kan sílẹ̀. Ó ń ṣa kóró, ó ń pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún àwọn ọmọ ilé kéwú rẹ̀, bí iye tí ó bá jókòó ti rí, bí ó bá ṣẹ́kù, ó ń wá sí i. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní ó gbà á. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé láti ṣàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á, kí ìpín rẹ̀ sì ti dúró dè é. Nígbà tí wọ́n ń sá kúrò ní Èkó, àna mi fi àwọ̀n wọn sílẹ̀, wọ́n gbé àpò.

Ohun tí mo rí lórí iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀kọ́ Sàró, ọkùnrin yẹn ti fi ọwọ́ rẹ̀ rí i lórí ẹní, kóró kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó bí bàbá ìyàwó mi.

Ṣùgbọ́n èmi ni èmi. Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n bá di mọ́kànlá ńkọ́? Mo ti wò ó. Yóò ku ẹyọ kan."

"Wo yàrá yìí," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ibo ni ẹni kọkànlá á jókòó sí? Orí mi?"

Wọ́n ní kí ọkọ̀ má lọ mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò ṣú láti ìhà òkun, ìjì sì da ojú ọ̀sà rú débi pé a kò rí etí omi kejì. Ìyàwó mi dúró sí ojú fèrèsé, ó ń wo omi náà. Kò wò mí, n kò sì wò ó.

Èmi kò sọ pé kóró ni ó wo ọmọ mi sàn, n kò sì sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kí oòrùn tó kan àtàrí, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, ẹní rẹ̀ rin gbingbin, ara rẹ̀ sì tutù lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó sùn. Nígbà tí ó jí, ó bèèrè ẹja yíyan, ó sì bínú nígbà tí ìyá rẹ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ mímu.

Nígbà tí wọ́n da kóró sórí ẹní lẹ́yìn ìrun àlàásárì lọ́jọ́ náà, ó fà láti yàrá rẹ̀ wá, ó ń di ògiri mú. Mo dìde láti gbá a mú. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ọmọ náà wọ àárín àwọn àgbà, ó fi ìdí rọ́ ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó. Ìyá àgbà ti yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi márùn-ún síwájú ọmọ mi.

N kò ka iye àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n.